Awò Gémù Tó Gba Yàrá Lọ́wọ́ Mi

Àwọn tó mọ̀ mí ní Kábà mọ̀ pé n kì í pẹ́ gba ohun tuntun gbọ́. Nígbà tí wọ́n ní ìgbín sísìn ló kù tí èèyàn fi ń là, mo kọ́ ilé fún ìgbín lẹ́yìnkùlé, mo sì gbàgbé láti fi àwọ̀n bo orí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kò ku ẹyọ kan. Ìgbín ni o, kì í ṣe ewúrẹ́, wọ́n sì sá mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra ẹ̀rọ gúgúrú, tó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan péré kó tó jóná. Ìyàwó mi kì í bá mi jà lórí irú nǹkan báyìí. Á wò mí, á mí kanlẹ̀, á padà sídìí máṣìnì ìránṣọ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ń fa ọ̀rọ̀ láàárín wa ni yàrá iwájú. Òun nìkan ni yàrá tó dojú kọ títì nílé wa, èmi ni mo sì ń lò ó. Ilé gémù ni mo fi ṣe: tẹlifíṣọ̀n méjì, pádì mẹ́rin, bẹ́ǹṣì gígùn kan, àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé fún ìgbà tí iná bá lọ. Èèyàn méjì á máa gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, èèyàn mẹ́wàá á dúró sẹ́yìn wọn, wọ́n á máa bú wọn. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn ju oúnjẹ lọ. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òjò ti ń fọ́n sí aṣọ oníbàárà, tó sì máa ń tan iná fóònù ní ọ̀sán gangan kó tó lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́ta ló ti ń tọrọ yàrá náà. Tó bá ti béèrè báyìí, inú á bí mi, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Nígbà Àjíǹde, àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá wálé. Ó ti ra tuntun, ó wá gbé ògbólógbòó rẹ̀ fún mi. VR lórúkọ tí wọ́n ń pè é, àmọ́ ní àdúgbò wa, awò gémù ló ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Ó jọ awò tí àwọn wẹ́dà ń lò, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ojú lè gbà rí ìta. Wàá dè é mọ́jú, wàá mú ọ̀pá kékeré méjì dání, ibi tó o wà á parẹ́, ibòmíràn á sì yí ọ ká. Tó o bá wo òkè, òkè ń bẹ. Tó o bá bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yìn ń bẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dè é, ìsàlẹ̀ omi ni mo bá ara mi. Ẹja kan tó tóbi ju mọ́tò lọ gba orí mi kọjá, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú yàrá ara mi.

Mo ti kà á lórí fóònù pé àwọn èèyàn ń jiyàn lórí awò yìí. Àwọn kan ní láìpẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò tún máa ṣe gémù lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Àwọn mìíràn ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á ló ti gbé e jù sínú dúrọ́ọ̀. N kò ka ti àwọn tó kẹ́yìn yẹn parí.

“Wàá rí i,” mo sọ fún ìyàwó mi. “Àwọn èèyàn máa tò láti ẹnu ọ̀nà yìí dé ọjà.”

Ó yọ abẹ́rẹ́ tó fi ètè mú. “Ó dáa. Tí iṣu tuntun bá dé, tí mo sì rí èèyàn tó ń tò dúró de nǹkan yìí, n kò ní béèrè yàrá mọ́ láéláé. Tí n kò bá rí wọn, èmi ni mo ni yàrá.”

“Mo gbà,” ni mo wí, bí ẹni tó ti jàre.

Kí n má purọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Eré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n á ti gbé ọ lọ sórí ilé gogoro kan, wọ́n á na pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú rẹ, wọ́n á ní kó o máa rìn lórí rẹ̀. Alápatà kan ládùúgbò wa, ọkùnrin tí màlúù ń wò kó tó kú, dè é mọ́jú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó ké pe ìyá rẹ̀, ó sì dì mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín pa wá débi tí bẹ́ǹṣì fi dojú dé. Ní ọjọ́ kejì, èèyàn kún ẹnu ọ̀nà. Mo ń yọjú wo ìyàwó mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bóyá ó ń rí wọn. Ó ń rí wọn. Ó kàn ń ránṣọ ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ké pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá ké e lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì parí tí àròyé fi bẹ̀rẹ̀. Òòyì ń kọ́ eléyìí. Òógùn ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀, tọ̀hún ò lè fi sójú. Àwọn ọmọbìnrin ní kò ní ba irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì jẹ́ fáwọn. Àlájì tó ń ta ìṣó àti páànù ní òdìkejì títì, tó máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, lò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, “Hàbà! Eré tí mo na èèyàn tí n kò rí ojú rẹ̀ kí n fi rẹ́rìn-ín, kí ni mo jẹ níbẹ̀?” Ó mú pádì, ó lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n.

Èyí tó wá burú jù ni ti ìkíni. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ń kọjá á kí ọ: “Okun o.” Ì báà jẹ́ òwúrọ̀, ì báà jẹ́ alẹ́, ì báà jẹ́ ibi iṣẹ́ tàbí ibi tí nǹkan ti bà jẹ́, okun náà ni. O gbọ́dọ̀ dáhùn, o sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kí ọ, kó o lè mọ bí wàá ṣe tẹrí ba fún un. Tí o kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní o ò gbọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ní ọkàn rẹ kò sí nílé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gàn ni, o sì máa fẹsẹ̀ rẹ rìn lọ sílé ẹni náà lọ bẹ̀ ẹ́. Báwo ni ẹni tó de awò yóò ṣe ṣe é? Ọ̀dọ́kùnrin kan gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan lẹ́nu ọ̀nà mi, ó fẹ́ ṣe ọmọlúàbí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ọ̀nà jẹnẹrétọ̀. Ìdí rẹ̀ ló kọ sí bàbá náà. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn òbí ti ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn nípa awò mi.

Nígbà tí òjò wá mú gan-an, ó ku ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin kí iṣu tuntun dé, kò sì sí ẹnì kan tó ń lo awò náà àfi èmi. Mo máa ń dè é ní òwúrọ̀ kí àwọn oníbọ́ọ̀lù tó dé, mo máa ń ja ẹ̀ṣẹ́. Akànṣẹ́ kan ló wà nínú eré yẹn, òyìnbó gìrìwò, tó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi jáde lọ ra òwú. Mo kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, mo ń lu ọkùnrin yìí, mo sì ń fi ẹnu bá a jà: “Kí lo wá wá síbí? Màá fọ́ ọ lẹ́nu! Padà síbi tó o ti wá!”

Ìyá ìyàwó mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Láti Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀, ìlú tó ń gbé, ló ti wá, ó ru agbọ̀n àgbàdo tútù sórí. Àlájì rí gbogbo rẹ̀ láti ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ròyìn rẹ̀ fún wa pẹ̀lú ayọ̀ tí mi ò tíì fi jì í dòní. Iye kí mi ní okun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iye ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ lèmi àtọmọ rẹ̀ sì ń pè é. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo ní kí ló wá wá. Ní ìkejì, mo ní màá fọ́ ọ lẹ́nu. Ní ìkẹta, mo ní kó padà síbi tó ti wá. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì padà síbi tó ti wá.

Ìyàwó mi bá agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ agbọ̀n ìyá rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ lọ bá a. Ẹ mú awò yín dání, kó lọ jẹ́rìí fún yín.”

Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ìyá yìí kò fi ìgbà kankan ṣe mí ní ọmọ ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń dá gbé, a ti bẹ̀ ẹ́ títí kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Kábà, ó ní ta ni yóò máa tọ́jú iṣu òun. Ní ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. “Okun o, Iye.” Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo tún kí i. Kò dáhùn. Mo kí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, “Ó dùn ún gbọ́, àbí?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní kì í ṣe òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pé ọkùnrin kan ló wà nínú awò. Ó gbé ọpọ́n ẹ̀wà sílẹ̀. “Ó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí?”

“Ó wà níbẹ̀, Iye.”

“Fi hàn mí.”

Ó tú gèlè, mo de awò mọ́ ọn lójú, mo fi ọ̀pá méjèèjì sí i lọ́wọ́. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, ó ń yí orí bí adìẹ tó wọ ilé onílé.

“Mo rí i. Ó ń wò mí. Kí ló ń wò?”

“Ẹ lù ú, Iye.”

“Kí ló ṣe mí tí n óò fi lù ú? Okun o,” ó kí akànṣẹ́ náà. Ó dúró díẹ̀. “Okun o.” Akànṣẹ́ kò dáhùn. “Mo ní okun o!” Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ju ẹ̀ṣẹ́ lù ú. Iye pariwo. “Kái! Mo kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn, ó tún wá nà mí!”

Ó so ìró mọ́dìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ tó ti kọ ebè fún àádọ́ta ọdún ni, kò sì ní ìdí láti fi ṣeré. “Dìde! Ta ló bí ọ? Má tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí mọ́!” Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ti di igi máńgòrò mú, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wa pé, “Okun o.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ìyá kan tí ilé tiwọn àti tirẹ̀ jọ fara kanra. Àwo ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ju ọwọ́ sí i, mo ń gbọn orí, ṣùgbọ́n ó ti kí i lẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta, Iye sì dá a lóhùn pé òun yóò yọ eyín rẹ̀ tó kù. Obìnrin náà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo èmi àna tó dúró tó ń rẹ́rìn-ín, ó pòṣé, ó sì gbé ọbẹ̀ rẹ̀ padà lọ sílé.

“Mo ti gbé e ṣubú!” ni Iye wí, ó ṣí awò kúrò lójú. Mo sọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i fún un. Ó káwọ́ lórí. “Ìwọ náà ò wá fọwọ́ kàn mí?” Mo ní ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ́ ló bà mí.

Báyìí ni èmi tí mo wá bẹ̀bẹ̀ ṣe tún tẹ̀ lé ẹni tí mo wá bẹ̀ lọ bẹ ẹlòmíràn. Èmi dọ̀bálẹ̀, Iye kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ìwọ kọ́ ni mo ń bá wí, akànṣẹ́ ni.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní akànṣẹ́ wo. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, awò ti wà lójú ìyá náà, òun náà sì ń béèrè ohun tí ọkùnrin yẹn ń wò. Ariwo wọn kó àwọn ará ilé jáde. Nígbà tí oòrùn yóò fi rẹlẹ̀, ẹní ti wà nílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, àgbàdo sísun ti dé, wọ́n sì ti ń gbà á fún ara wọn.

Iye ló ṣe òfin. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ de awò láìjẹ́ pé ẹnì kan di etí aṣọ rẹ̀ mú, tí yóò máa bá a dáhùn okun, tí yóò sì máa fà á padà tó bá fẹ́ lu aládùúgbò. Ó tún ní òun kò fẹ́ kí ẹnì kan máa dá ohun dídùn jẹ. Mo bá so awò pọ̀ mọ́ fóònù mi, mo gbé fóònù lé àpótí, kí gbogbo èèyàn lè máa rí ohun tí ẹni tó de awò ń rí. Wọ́n ń pa àṣẹ fún un: “Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ òsì, jàre!” Wọ́n ń bú u. Ariwo tí mo fẹ́ràn nìyẹn, n kò sì gbọ́ ọ nídìí awò lẹ́ẹ̀kan rí láti ọjọ́ tí mo ti ń yá àwọn oníbàárà ní awò ní Kábà, níbi tí mo ti ń dá èèyàn kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo sì ń fi aago ka ìṣẹ́jú fún un.

Ilẹ̀ ń ṣú, mo na ọwọ́ kí n gba awò kí n máa lọ. Iye ti fi ìborùn rẹ̀ wé e.

“Okun mẹ́ta lo jẹ mí,” ó ní. “N kò gba adìẹ, n kò gba ọtí. Ìtánràn rẹ nìyí.”

Ó dùn mí wọnú eegun. Mo rí yàrá mi bó ṣe ń lọ, bẹ́ǹṣì, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé Iye, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá ìyàwó rẹ̀ ná ọjà lórí ìtánràn? Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo gun ọ̀kadà padà sílé pẹ̀lú àpò òfìfo.

Ìyàwó mi béèrè pé awò dà. Mo ní ìyá rẹ ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò dúró de iṣu tuntun mọ́. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, èmi fúnra mi gbé máṣìnì rẹ̀ wọ yàrá iwájú, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo kó tẹlifíṣọ̀n mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò ń fọ́n sí ẹ̀yìn àwọn oníbọ́ọ̀lù mi, wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, a jọ lọ kí Iye. A kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tí mo fi rí wọn. Àwọn ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ máńgòrò, wọ́n tò ní ọjọ́ orí, ẹni tó bá dìde, àwọn yòókù á sún síwájú. Mo di ìyàwó mi lápá mú. “Wò wọ́n! Iṣu tuntun dé, wọ́n ń tò!”

“Ilé tiwa ni mo ń sọ nígbà yẹn.”

“O ò dárúkọ ilé kankan.”

Ó ronú, ó rí i pé òótọ́ ni, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Obìnrin yẹn kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Ẹ jàre mi,” ó ní. “Tí a bá délé, màá kó máṣìnì mi jáde.”

Mo wò ó. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, kò tíì mí kanlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ń kọrin tó bá ń ránṣọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi du obìnrin yìí ní ìmọ́lẹ̀ nítorí ibi tí èmi yóò ti máa pariwo, ó sì dùn mí gan-an níbi tí mo dúró sí yẹn.

“Má kó nǹkan kan jáde,” mo ní. “Yàrá rẹ ni.”

Ó di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo ayé, ohun tí a kì í ṣe nílé àna, títí a fi dé abẹ́ igi. Mo kí àwọn ìyá ní okun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dáhùn, kódà ẹni tó de awò rán ẹni tó di etí aṣọ rẹ̀ mú pé kó bá òun dáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo na ọwọ́ sí awò, kí n fi bí wọ́n ṣe ń jà á gan-an hàn wọ́n.

Iye gbá ọwọ́ mi dànù. “Ọkọ ọmọ mi, lọ jókòó. Kò tíì kàn ọ́.”

Mo lọ jókòó ní ìparí bẹ́ǹṣì. Ìyá mẹ́ta ló ṣì wà níwájú mi, ẹni tó kàn sì ti ń so ìró mọ́dìí.